Ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ ọlọ́jọ́ mẹ́rin: bí òṣìṣẹ́ ṣe lè mọ̀ bóyá èrè wà níbẹ̀ kó tó fọwọ́ sí i

Bí ọ̀gá bá kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ, tó ní láti oṣù tó ń bọ̀, ọjọ́ mẹ́rin ni wọn yóò máa ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀, gbogbo ilé á kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Kò burú. Àmọ́ kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé kankan, ohun mẹ́ta ni kí ẹ bèèrè: wákàtí mélòó lọ́sẹ̀, eélòó lóṣù, àti iṣẹ́ wo gan-an ni wọn yóò gbé kúrò lọ́rùn yín. Ọlọ́jọ́ mẹ́rin kan wà tó jẹ́ ìtura. Òmíràn wà tó jẹ́ pé ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n rọ́ sínú mẹ́rin. Òmíràn sì wà tó jẹ́ pé owó oṣù ni wọ́n fi ọgbọ́n gé. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì la ó fi ṣe àpẹẹrẹ jù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dán ìlànà yìí wò dáadáa ní 2022, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń bá a pàdé lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ Èkó àti Kwara ń bọ̀ níwájú.

Ẹ mọ irú èyí tí wọ́n gbé wá

Irú kìíní: wákàtí dín, owó kò dín. Wákàtí 40 di 32, owó oṣù dúró síbi tó wà. Àwọn tó ń polongo rẹ̀ máa ń pè é ní 100-80-100: owó pé, àkókò di ìdá 80 nínú 100, iṣẹ́ pé. Ẹni tó ń gba £31,200 lọ́dún ń gba £600 lọ́sẹ̀. Bó bá ń ṣe wákàtí 40, £15 ni wákàtí rẹ̀ kan. Bó bá di 32, wákàtí kan di £18.75. Lórí ìwé, owó iṣẹ́ rẹ̀ ti fi ìdá mẹ́rin kan gòkè. Mo ní lórí ìwé, nítorí bí iṣẹ́ náà bá ń tẹ̀ lé e délé ní Ọjọ́ Ẹtì, ìṣirò yẹn ti dà rú.

Irú kejì: ọjọ́ dín, wákàtí kò dín. Wákàtí 40 náà ni, wọ́n kàn pín in sí mẹ́wàá-mẹ́wàá. Òfin ilẹ̀ Belgium tó bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kọkànlá 2022 gba òṣìṣẹ́ láàyè láti bèèrè irú èyí. Àwọn ìwé ìròyìn kárí ayé sì gbé e jáde bí ẹni pé ìsinmi ni wọ́n fi ta àwọn ará ibẹ̀ lọ́rẹ, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń ṣe wákàtí 38 lọ́jọ́ márùn-ún yóò máa ṣe wákàtí mẹ́sàn-án ààbọ̀ lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ẹ ṣírò ọjọ́ oníwákàtí mẹ́wàá dáadáa kí ẹ tó gbà á. Wákàtí mẹ́wàá iṣẹ́, wákàtí kan oúnjẹ ọ̀sán tí wọn kì í sanwó fún, ìṣẹ́jú 45 lọ àti 45 bọ̀ nínú ọkọ̀: wákàtí 12 ààbọ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá jáde nílé ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, aago méje alẹ́ lẹ ó tó wọlé. Òbí tó ní ọmọ kékeré kò ní rí ọmọ náà lójúmọmọ fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko.

Àwọn nọ́ọ̀sì wa tó wà ní NHS, ìyẹn ètò ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti mọ irú kejì yìí tipẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń pè é ní ọ̀sẹ̀ kúkúrú níbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ wọ́ọ̀dù, ṣíìfù gígùn máa ń bẹ̀rẹ̀ ní aago méje ààbọ̀ àárọ̀, á parí ní aago mẹ́jọ alẹ́. Bí wọ́n bá yọ wákàtí kan bíréèkì tí kò lówó, wákàtí 11 ààbọ̀ ló kù. Àdéhùn wọn sì jẹ́ wákàtí 37 ààbọ̀ lọ́sẹ̀, ìyẹn 150 ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ṣíìfù 13 ló máa fún wọn ní 149 ààbọ̀. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta á jẹ́ ṣíìfù mẹ́ta-mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ kẹrin á jẹ́ mẹ́rin. Ẹni tó rò pé nọ́ọ̀sì ń fi ọjọ́ mẹ́rin sinmi lọ́sẹ̀ kò tíì rí bó ṣe máa ń lo ọjọ́ àkọ́kọ́ nínú ìsinmi yẹn: oorun ló máa ń fi gbogbo rẹ̀ sùn.

Irú kẹta: wákàtí dín, owó náà dín. £600 di £480. Èyí kì í ṣe ẹ̀tàn bí wọ́n bá sọ ọ́ ní gbangba. Ó tilẹ̀ lè dára fún ẹlòmíràn, àmọ́ ìṣirò ló máa sọ, kì í ṣe orúkọ tí wọ́n fún un.

Ohun tí ìdánwò fi hàn

Láti Oṣù Kẹfà sí Oṣù Kejìlá 2022, ilé iṣẹ́ 61 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú òṣìṣẹ́ bíi 2,900, dán irú kìíní wò. Nígbà tó parí, ìdá 71 nínú 100 àwọn òṣìṣẹ́ ni àárẹ̀ iṣẹ́ tó ń gbé èèyàn ṣánlẹ̀ ti dín kù lára wọn, ìdá 39 sì ní ọkàn àwọn balẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Iye àwọn tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fi ìdá 57 nínú 100 wálẹ̀. Ilé iṣẹ́ 56 ní àwọn yóò máa bá a lọ.

Èrè wà níbẹ̀, ẹ̀rí sì wà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun mẹ́ta tí àwọn tó ń gbé ìròyìn náà kiri kì í sábà mẹ́nu bà. Àkọ́kọ́, àwọn ilé iṣẹ́ yẹn fúnra wọn ló yọ̀ǹda ara wọn. Ọ̀gá tó bá gbé ọwọ́ sókè fún irú nǹkan báyìí ti ní inú rere sí òṣìṣẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ìkejì, oṣù méjì gbáko ni wọ́n fi múra sílẹ̀ kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún ìpàdé tò, wọ́n tún ọ̀nà iṣẹ́ ṣe. Ìkẹta ló ṣe pàtàkì jù fún òṣìṣẹ́: wákàtí iṣẹ́ gidi wálẹ̀ láti nǹkan bí 38 sí 34, kò dé 32. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn kan ṣì ń fọwọ́ kan iṣẹ́ ní ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n sinmi.

Ní Iceland, láàárín 2015 sí 2019, ìlú Reykjavik àti ìjọba àpapọ̀ dín wákàtí òṣìṣẹ́ tó lé ní 2,500 kù, láti 40 sí 35 tàbí 36, owó kò sì dín. Ọjọ́ kọ́ ni wọ́n ń gé níbẹ̀, wákàtí ni. Ìpínlẹ̀ Utah l'Amẹ́ríkà gba ọ̀nà òdìkejì ní 2008: wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba máa ṣe wákàtí mẹ́wàá lójúmọ́ láti Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ní Ọjọ́ Ẹtì. Àwọn aráàlú ń ráhùn pé àwọn kò rí ẹni dá àwọn lóhùn, owó tí wọ́n rò pé àwọn máa fi pamọ́ kò sì tó bí wọ́n ṣe fọkàn sí i. Ní 2011 wọ́n padà sí ọjọ́ márùn-ún.

Ìṣirò owó, kọ́bọ̀ sí kọ́bọ̀

Bí owó kò bá dín, ẹ fo apá yìí. Bí ó bá dín, ẹ mú bíírò.

Ẹ má fi ìdá 20 nínú 100 dẹ́rù ba ara yín, nítorí owó orí náà yóò dín. Ẹ jẹ́ ká lo £31,200 yẹn ní England (ìlànà owó orí Scotland yàtọ̀). £12,570 àkọ́kọ́ kò ní owó orí. Lórí ìyókù, ìjọba ń gba 20% owó orí àti 8% National Insurance (owó tí òṣìṣẹ́ ń san nítorí owó ìfẹ̀yìntì àti ìrànwọ́ ìjọba), àpapọ̀ 28%. Ohun tó ń wọlé sọ́wọ́ lọ́dún jẹ́ £25,983. Bí owó bá di £24,960, ohun tó ń wọlé sọ́wọ́ á di £21,490. Owó tó bọ́ lọ́wọ́ jẹ́ bíi £4,493, ìyẹn ìdá 17 àti díẹ̀ nínú 100. Ìṣirò yìí kò tíì yọ owó ìfẹ̀yìntì. Ẹ sì rántí pé ìpín tí ọ̀gá ń san sí owó ìfẹ̀yìntì yín náà á dín. Bó bá jẹ́ 3% tó kéré jù lábẹ́ òfin, £187 lọ́dún nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó máa fi hàn yín nínú ìwé owó oṣù.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ohun tí ọjọ́ karùn-ún máa ń jẹ lápò yín. Ká ní ọkọ̀ jẹ́ £12 lọ àti bọ̀, tí ẹ sì ń ṣiṣẹ́ ọ̀sẹ̀ 46 lọ́dún: £552. Ká ní jẹ́lé-ó-sinmi ń gba £60 lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 50: £3,000. Àpapọ̀ jẹ́ £3,552. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú £4,493, ó ku £941. Iye tí òbí yìí máa san gan-an fún ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ nìyẹn, kò tó £20 lọ́sẹ̀. Ẹni tí kò lọ́mọ ní jẹ́lé-ó-sinmi kò ní rí irú ẹ̀dínwó yẹn. Tirẹ̀ á máa sún mọ́ £4,000. Ìdí nìyẹn tí àwọn méjì tó jókòó sí tábìlì kan náà fi lè gba ìlànà kan náà, kí ọ̀kan máa yọ̀, kí ìkejì máa jẹ gbèsè.

Ìkìlọ̀ kan: ẹ má fi oúnjẹ ọ̀sán kún owó tí ẹ rò pé ẹ ó fi pamọ́. Ẹni tó wà nílé ní Ọjọ́ Ẹtì ń jẹun, ó ń tan ìgbóná ilé nígbà òtútù, ó sì ń lọ sọ́jà.

Lìífù, ọlìdé àti físà

Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún òṣìṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ 5.6 lìífù lọ́dún. Fún ẹni tó ń ṣe ọjọ́ márùn-ún, ọjọ́ 28 nìyẹn. Fún ẹni tó ń ṣe mẹ́rin, ọjọ́ 22.4 ni. Kò sẹ́ni tó jí ọjọ́ yín. Ọ̀sẹ̀ tí ẹ máa fi sinmi kò yí padà. Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́ òṣìṣẹ́ jẹ ni ọlìdé ìjọba. Ọlìdé mẹ́rin ló máa ń bọ́ sí Ọjọ́ Ajé lọ́dọọdún ní England, yàtọ̀ sí ti Kérésì àti ọdún tuntun tó lè bọ́ síbẹ̀. Bí ọjọ́ ìsinmi yín bá jẹ́ Ọjọ́ Ajé, tí ilé iṣẹ́ sì ń fún àwọn yòókù ní ọlìdé yẹn lọ́tọ̀, ẹ ti pàdánù mẹ́rin. Ẹ ní kí wọ́n fi ìpín ọlìdé yín kún lìífù, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Bó bá jẹ́ irú kejì, ẹ ní kí wọ́n máa fi wákàtí ka lìífù, kí wọ́n má fi ọjọ́ kà á. Wákàtí 40 lọ́nà 5.6 jẹ́ 224. Ọjọ́ kan tí ẹ gbà ń jẹ mẹ́wàá nínú rẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti ń fi ọjọ́ kà á, àríyànjiyàn kì í tán.

Ẹni tó wà lórí físà Skilled Worker, ìyẹn físà iṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń gba èèyàn láti òkèèrè, gbọ́dọ̀ lọ́ra níbí o. Bí wákàtí bá dín tí owó kò dín, ọ̀rọ̀ rọrùn díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí owó bá dín, ilé iṣẹ́ tó gbà yín síṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi tó Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ físà, létí, owó náà kò sì gbọ́dọ̀ bọ́ sábẹ́ iye tó kéré jù tí físà yín béèrè. Iye gbogbogbòò yẹn kì í dín nítorí pé wákàtí iṣẹ́ yín dín. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu láti ọ̀dọ̀ máníjà. Ẹni tó ń bójú tó ìwé físà ní ilé iṣẹ́ ni kí ẹ kọ̀wé sí, kí ẹ sì dúró de èsì rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí àdéhùn tuntun.

Bí iṣẹ́ kò bá dín, ẹ kò gba nǹkan kan

Ibí ni gbogbo rẹ̀ ti ń yọrí sí rere tàbí kó dàrú. Wákàtí mẹ́jọ ni ẹ fẹ́ yọ kúrò lọ́sẹ̀. Ta ló máa ṣe iṣẹ́ tó wà nínú wákàtí mẹ́jọ yẹn? Bí kò bá sẹ́ni tó lè dáhùn, ẹ̀yin ni ẹ máa ṣe é, ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ tàbí ní àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì nígbà tí ẹ bá wọ pajámà.

Kí ìlànà tuntun tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ ohun tí ẹ ń ṣe sílẹ̀. Ìwé kékeré kan tó. Ní gbogbo ìdajì wákàtí, ẹ kọ ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta: ìpàdé, ímeèlì, ìròyìn oṣù, mo ń dúró de ìfọwọ́sí. Ẹ má ṣe é ní ọ̀sẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn wà ní lìífù, kò ní fi òótọ́ hàn. Ẹ kọ iṣẹ́ tí ẹ ṣe lẹ́yìn aago iṣẹ́ pẹ̀lú, títí kan WhatsApp ti ilé iṣẹ́. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì bá pé, ẹ kó wọn jọ sí ọ̀wọ́-ọ̀wọ́. Ní iṣẹ́ ọ́fíìsì, wákàtí mẹ́jọ kì í ti ibi kan ṣoṣo jáde. Ó lè jẹ́ mẹ́ta láti inú ìpàdé, méjì láti inú ímeèlì, wákàtí kan ààbọ̀ láti inú ìròyìn tí ènìyàn méjì ń kọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wákàtí kan ààbọ̀ yòókù láti inú dídúró de ọ̀gá kó buwọ́ lu nǹkan.

Ìpàdé ni kí ẹ kọ́kọ́ dojú kọ. Ìpàdé wákàtí kan tí ènìyàn mẹ́jọ jókòó sí jẹ wákàtí mẹ́jọ ilé iṣẹ́ náà, ìyẹn ọjọ́ odidi ènìyàn kan. Ẹ gé e sí ìṣẹ́jú 25. Kí ẹni tó pè é kọ ohun tí wọ́n fẹ́ pinnu ránṣẹ́ ní ọjọ́ tó ṣáájú. Ìpàdé tí kò ní ohun tí wọ́n fẹ́ pinnu, kí wọ́n fi ímeèlì rọ́pò rẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn, kó dúró sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Èyí rọrùn láti kọ, ó ṣòro láti ṣe, nítorí àwọn ọ̀gá kan wà tó jẹ́ pé inú ìpàdé ni wọ́n ti ń mọ̀ pé ọ̀gá làwọn.

Ímeèlì: ẹ yan ìgbà méjì tàbí mẹ́ta lójúmọ́ tí ẹ ó máa dáhùn rẹ̀, kí gbogbo ẹgbẹ́ yín mọ̀, kí ẹ sì fi nọ́ńbà fóònù sílẹ̀ fún ọ̀ràn pàjáwìrì. Ìfọwọ́sí: ẹ bèèrè iye owó tí òṣìṣẹ́ lè ná láì dúró de ọ̀gá. Ìyẹn nìkan máa ń dá ọ̀pọ̀ wákàtí padà.

Ohun tí kò gbọ́dọ̀ di gígé ni bíréèkì àti ọ̀rọ̀ ṣókí tí àwọn òṣìṣẹ́ ń bá ara wọn sọ. Òun ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kọ́kọ́ ń gé, nítorí ó rọrùn. Àwọn ènìyàn á wá máa jẹun lójú kọ̀ǹpútà, ẹni tuntun kò ní rí ẹni bi léèrè ọ̀rọ̀, iṣẹ́ á yá fún oṣù méjì, lẹ́yìn náà àṣìṣe á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ní ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ju wákàtí mẹ́fà lọ lójúmọ́ gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán ìṣẹ́jú 20 bíréèkì, kó sì sinmi wákàtí 11 kó tó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ibi tí ènìyàn ti ń tọ́jú ènìyàn

Ìpàdé kò pọ̀ ní ilé ìtọ́jú arúgbó tí ẹnikẹ́ni lè gé. Arúgbó kan ń fẹ́ ìwẹ̀, oúnjẹ àti oògùn ní Ọjọ́ Ẹtì bó ṣe ń fẹ́ ẹ ní Ọjọ́ Ajé. Níbẹ̀, bí wákàtí bá máa dín, ọwọ́ gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i. Ní ìlú Gothenburg, ní Sweden, ilé arúgbó Svartedalen dán ọjọ́ oníwákàtí mẹ́fà wò ní 2015 àti 2016, owó kò sì dín. Ara àwọn òṣìṣẹ́ yá, wọn kò gba ìsinmi àìsàn bíi ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ènìyàn 17 ni wọ́n ní láti gbà kún un kí iṣẹ́ má baà dúró. Owó yẹn ló mú kí ìlú náà má bá a lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó wà nínú iṣẹ́ ìtọ́jú, ìbéèrè kan ṣoṣo ló tó fún máníjà: ènìyàn mélòó lẹ fẹ́ gbà? Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé kò sí, ẹ wo rọ́ta tuntun náà, ẹ ka iye ènìyàn tó wà lórí ṣíìfù kọ̀ọ̀kan, ẹ fi wé ti tẹ́lẹ̀. Bó bá ti márùn-ún di mẹ́rin, ẹ̀yin lẹ ń fi ẹ̀yìn yín san owó ìsinmi náà. Ẹ ṣọ́ wákàtí méjì tó kẹ́yìn nínú ṣíìfù gígùn pẹ̀lú: nígbà yẹn ni oògùn ń ṣì wọ́n fún, nígbà yẹn sì ni ẹni tó ń wakọ̀ relé ń tòògbé.

Ọjọ́ wo?

Bí gbogbo ilé iṣẹ́ bá ti ilẹ̀kùn ní ọjọ́ kan náà, ìsinmi yín á jinlẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó máa pè yín. Ìpalára rẹ̀ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Utah: oníbàárà á kan ilẹ̀kùn. Bó bá jẹ́ pé ẹ ń pín in, kí àwọn kan gba Ọjọ́ Ajé, kí àwọn kan gba Ọjọ́ Ẹtì, oníbàárà á rí ẹni bá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó wà nílé gbọ́dọ̀ ní ẹnìkan tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Méjì-méjì ni kí ẹ so ara yín pọ̀, kí ẹ fi ìṣẹ́jú 15 fa iṣẹ́ lé ara yín lọ́wọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Bí kò bá sí ìfàlélọ́wọ́ yẹn, fóònù yín á dún ní Ọjọ́ Ẹtì, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ ṣe é. Àwa fara mọ́ Ọjọ́rú ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ, pàápàá fún àwọn tí ọjọ́ wọn gùn: kò sẹ́ni tó máa ṣe ju ọjọ́ méjì tẹ̀lé ara wọn lọ.

Èkó àti Kwara

Nílé, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ló kọ́kọ́ gbé e dé. Lẹ́yìn tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, ìjọba ìpínlẹ̀ Kwara dín ọjọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń lọ síbi iṣẹ́ kù láti márùn-ún sí mẹ́ta, fún ìgbà díẹ̀. Ní Oṣù Kejì 2024, ìjọba Èkó náà ní kí àwọn òṣìṣẹ́ láti ìpele 1 dé 14 máa wá ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, àwọn ìpele 15 sí 17 ní mẹ́rin, àwọn olùkọ́ sì ń bá márùn-ún wọn lọ.

Ìṣirò ibí yàtọ̀ sí ti London. Bí ọkọ̀ bá ń jẹ ₦3,000 lójúmọ́, ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ jẹ́ ₦24,000 lóṣù. Fún ẹni tó ń gba ₦70,000, owó oṣù tó kéré jù láti 2024, ó ju ìdá mẹ́ta owó rẹ̀ kan lọ. Èrè ńlá ni, kì í sì í ṣe ti àpò nìkan fún ẹni tó ń jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ní Ìkòròdú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí ẹ máa ṣiṣẹ́ láti ilé ní ọjọ́ méjì yẹn, ẹ bèèrè ẹni tó máa ra dátà àti ẹni tó máa ra epo jẹnẹrétọ̀. Wọ́n lè jẹ ìdajì ₦24,000 náà kí oṣù tó parí.

Ní ilé iṣẹ́ aládàáni, òfin iṣẹ́ Nàìjíríà kò dá iye wákàtí kan pàtó sílẹ̀. Àdéhùn láàárín òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá, tàbí ti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ló ń sọ ọ́, ohun tó bá sì kọjá rẹ̀ jẹ́ òfátáìmù. Ìyẹn ni pé bí wọ́n bá kọ 32 sínú ìwé yín, wákàtí kẹtàlélọ́gbọ̀n ti di òfátáìmù. Ẹ rí i dájú pé wọ́n kọ ọ́. Ẹni tí wọ́n ń san owó fún lójoojúmọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ ọ̀sẹ̀ kúkúrú tàn án. Ọjọ́ tí kò ṣiṣẹ́ ni kò gbowó.

Bí ẹ ṣe máa bèèrè rẹ̀, àti bí ẹ ṣe máa dán an wò

Ní England, Wales àti Scotland, láti Oṣù Kẹrin 2024, òṣìṣẹ́ lè kọ̀wé bèèrè fún àyípadà wákàtí láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tó wọ iṣẹ́. Ìgbà méjì ló lè bèèrè láàárín oṣù 12, ọ̀gá sì gbọ́dọ̀ fèsì láàárín oṣù méjì, kò sì lè kọ̀ láì kọ́kọ́ bá òṣìṣẹ́ jíròrò. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ kọ ìwé náà, ohun tí ẹ fẹ́ kó yí padà, ọjọ́ tí ẹ fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì sọ pé ìbéèrè lábẹ́ òfin ni. Bí ẹ bá ti bèèrè rí, ẹ sọ ìgbà tó jẹ́. Ẹ fi àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ méjì yín tì í lẹ́yìn: wákàtí mẹ́jọ rèé, ibi tí wọ́n ti máa jáde rèé.

Ẹ bèèrè fún ìdánwò oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà. Ohun tó bá kúrú ju ìyẹn lọ kì í fi òótọ́ hàn, nítorí oṣù àkọ́kọ́ máa ń dùn fún gbogbo ènìyàn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ìkẹjọ àti ìkejìlá, ẹ kọ ohun mẹ́rin: wákàtí tí ẹ ṣiṣẹ́ gan-an, iye ìgbà tí iṣẹ́ kàn yín ní ọjọ́ ìsinmi, wákàtí tí ẹ fi sùn, àti iṣẹ́ tó ṣẹ́ kù lórí tábìlì. Bí iṣẹ́ ọjọ́ ìsinmi bá ti ń kọjá wákàtí méjì lọ́sẹ̀, ẹ sọ̀rọ̀ nígbà yẹn gan-an. Bó bá di àṣà tán, wọn kò ní gbà pé ìṣòro ni.

Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń fi ọjọ́ karùn-ún gba ṣíìfù àjẹ́ńsì. Ọ̀rọ̀ àpò ni, a kò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Kí ẹ kàn mọ̀ pé iṣẹ́ kejì sábà máa ń gba nọ́ńbà owó orí BR, ìyẹn 20% láti pọ́ùn àkọ́kọ́, nítorí iṣẹ́ àkọ́kọ́ ti lo £12,570 tí kò ní owó orí tán. Òfin tó ní kí òṣìṣẹ́ má ṣe ju ìpíndọ́gba wákàtí 48 lọ lọ́sẹ̀ ń ka iṣẹ́ méjèèjì pọ̀, àyàfi tí ẹ bá fọwọ́ sí ìwé pé ẹ yọ ara yín kúrò. Ẹni tó bá ti fi ọjọ́ náà ṣiṣẹ́ mìíràn, kó má bi ara rẹ̀ léèrè mọ́ ìdí tí àárẹ̀ kò fi lọ.

Nínú àdéhùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ iye wákàtí lọ́sẹ̀, kì í ṣe iye ọjọ́ nìkan, owó ọdún, bí wọ́n ṣe ń ka lìífù àti ọlìdé, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ọ̀gá bá fẹ́ dá a padà sí ọjọ́ márùn-ún. Ìkẹyìn yìí ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Ẹ bèèrè fún oṣù mẹ́ta ìkìlọ̀ ṣáájú, ó kéré tán, nítorí àyè ọjọ́ karùn-ún tí ẹ bá ti jọ̀wọ́ ní jẹ́lé-ó-sinmi, ọmọ ẹlòmíràn á ti gbà á kí ẹ tó padà débẹ̀.